Àròkọ: Ibi tí Òǹkọ̀wé ti ń Rí Ọ̀rọ̀ Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òtítọ́ òwe yìí a máa hàn gbangba nígbà tí ẹnìkan bá jókòó láti kọ̀wé, tí ó mú kálàmù lọ́wọ́, tí ó tẹ́ ìwé síwájú, tí ó sì wá wí pé òun kò rí ohun tí òun yóò kọ. Ẹ̀dùn yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Olùkọ́ tí ó ń wá orí-ọ̀rọ̀ tí yóò fún kíláàsì rẹ̀ ń sọ ọ́. Olóòtú tí ojú ìwé ṣófo níwájú rẹ̀ ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe ìlérí pé òun yóò máa kọ nǹkan ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ. Bí ó bá ti kọ èyí tí ó mọ̀ jù lọ tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin a dé bá a bí olówó tí ó wá sin gbèsè.

Ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó bá ti ka àròkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí mọ̀ pé orí-ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó ń yí ká: ọjọ́ tí a kò lè gbàgbé, ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdún ìbílẹ̀ kan, iṣẹ́ àgbẹ̀ sàn ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ. Orí-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò burú. Àbùkù wọn ni pé ojú kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń wò wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ka ọ̀kan ti ka ogún. Èyí tí ó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àná nìkan ni à ń fi èdè kan kọ, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ tí ń kọ́ èdè náà yóò fi gbà pé èdè àná ni. Nítorí náà, ìbéèrè pé níbo ni òǹkọ̀wé ti ń rí ọ̀rọ̀ tuntun kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ó kan ìyè èdè fúnra rẹ̀.

Ohun tí orúkọ náà ń kọ́ni

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. À-rò-kọ: ohun tí a rò, tí a sì kọ. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fi rírò ṣáájú kíkọ, ètò náà sì tọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ kí ó tó rò ni ó máa ń wí pé kò sí ohun tí òun yóò kọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó wọ́n onítọ̀hún. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ni kò tíì ṣe.

Ó tún yẹ kí a mọ ohun tí à ń pè ní tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí tí etí kan kò tíì gbọ́ rí láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kì bá tún lè kọ̀wé mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ahunṣọ òfì. Òwú tí ó wà lórí òfì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òwú tí baba rẹ̀ fi hun aṣọ. Aró náà kò yàtọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá to òwú náà ní ọ̀nà mìíràn, aṣọ tí ẹnìkan kò ní irú rẹ̀ yóò jáde, gbogbo ọjà yóò sì pè é ní aṣọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ìtò àti ìbéèrè ni ó ń sọ ọ́ di tuntun.

Ìtàn ìwé kíkọ ní èdè Yorùbá jẹ́rìí sí i pé kò sí ìgbà tí ìṣòro yìí kò sí. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, tí ó ń jáde ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí di 1867 tí ìfọ́lé dé. Láàrin 1920 sí 1930, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ sí i: Èkó Àkéte bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí-Ọfẹ ní 1923, The Yoruba News ti Ìbàdàn ní 1924, Akéde Èkó ní 1928. Gbogbo wọn ni ó ń wá ohun tí wọn yóò fi kún ojú ìwé nígbà tí ọjọ́ bá pé. Bí a bá wo ohun tí àwọn tí ó ṣe àṣeyọrí nínú wọn ṣe, àti ohun tí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ṣe, a ó rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀nà kìíní: àyíká ẹni

Isaac Babalọlá Thomas ni olóòtú Akéde Èkó. Ní oṣù keje 1929, ìwé ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà kan jáde láti ọwọ́ obìnrin kan tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Obìnrin náà ti gbayì rí ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó ti fẹ́ ẹ rí. Ní ìgbà tí ó ń kọ lẹ́tà, àìsàn àti ìṣẹ́ ti dé bá a, ó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n lè fi í kọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù kẹta 1930, ọdún yẹn náà ni a sì kó wọn jọ di ìwé. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀.

Kí ni ó mú kí àwọn ará Èkó gbà pé obìnrin náà wà láàyè, tí àwọn kan fi ń kọ ìwé sí olóòtú nítorí rẹ̀? Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó fi ayé rẹ̀ ṣòfò jẹ́ àjèjì. Ohun tí ó mú un ni pé Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ àdúgbò tí òǹkàwé mọ̀, ó ń rántí orin tí òǹkàwé ti kọ rí, ó ń sọ èdè tí à ń sọ nínú ilé Èkó. Thomas kò lọ jìnnà. Ohun tí ó ń kọjá lójú gbogbo ènìyàn ní ojoojúmọ́ ni ó mú, ó sì fi ẹnu ẹnìkan ṣoṣo sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun pàtó ni ó ń bí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wí pé òun yóò kọ̀wé nípa ìlú yóò há. Ẹni tí ó bá wí pé òun yóò kọ̀wé nípa kànga kan tí gbogbo àdúgbò ń pọn kí omi ẹ̀rọ tó dé, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ àwọn obìnrin tí ń pàdé níbẹ̀ nígbà tí wọn kò pàdé mọ́, yóò rí ọ̀rọ̀ kọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀nà kejì: etí

Òǹkọ̀wé tí kò bá gbọ́rọ̀ kò lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Denrele Adétìmíkàn Ọbasá, olóòtú The Yoruba News ní Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ó ń kó òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ. Ní 1927 ni ó tẹ ìwé kìíní nínú mẹ́ta tí ó pè ní ti àwọn akéwì. Ọbasá kò kàn da òwe sínú ìwé bí ẹni da àgbàdo sínú àpò. Ó to àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu sí abẹ́ orí kan náà, ó sì fi ti ara rẹ̀ kún un, tí òwe tí a ti ń pa láti ayébáyé fi wá di ewì tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Adébóyè Bàbálọlá gba ọ̀nà kan náà ní ìgbà tirẹ̀: ó gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó tú wọn wò fínnífínní, ìwé rẹ̀ lórí ìjálá sì jáde ní 1966. Ìjálá ti wà ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó tì í láti béèrè bí a ti hun ún ni kò wọ́pọ̀.

D. O. Fágúnwà pàápàá fi èyí hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Ẹni tí ń kọ ìtàn náà kò pe ara rẹ̀ ní oní-nǹkan. Bàbá àgbà kan ni ó wá bá a níbi tí ó jókòó sí, tí ó ní kí ó mú ìwé àti kálàmù, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Nínú ìtàn náà, nígbà náà, akọ̀wé ni ẹni tí ó ní sùúrù láti gbọ́.

Ọ̀nà kẹta: ìbéèrè

Ọ̀nà yìí ni ó lọ́rọ̀ jù, òun náà sì ni a kì í sábà tọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjà ọrún. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọjà tí ń ná ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kà á, yóò rí i pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó wà láàrin ọjà kan àti èkejì, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà náà ń yípo. Kí ló dé tí a fi pè é ní ọrún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Bí ọjà bá ná lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni ìkejì, ọ̀tunla ni ìkẹta. Ní ọjọ́ karùn-ún ọjà tún ná. Ẹni tí ó bá ti rí èyí kò ní dúró níbẹ̀. Yóò ka ọjà ọrún méjì, yóò bá ìsán pàdé, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Yóò ka mẹ́rin, yóò bá ìtàdógún pàdé, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ohun tí ó dàbí ìṣirò tí kò gún wá di ètò kan tí ó gún régé. Bí ó bá tún tẹ̀ síwájú, yóò rí i pé àwọn Faransé náà a máa pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ, wọn a sì máa pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti orí ìbéèrè kan nípa ọjà, àròkọ mẹ́ta ti jáde, ọ̀kan nínú wọn sì ti ré kọjá òkun.

Iye kíkà náà jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ọmọ kékeré ni ó mọ àádọ́ta, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ti béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀wá tí a yọ kúrò nínú ọgọ́ta ni, àti ìdí tí àrùndínláàdọ́ta fi yọ márùn-ún sí i? Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ó ti gbé Ìjàyè rí, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ń ka owó ẹyọ ni kí a wò: ẹni tí ń kà á a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún, yóò kó o jọ di ogún, ogún márùn-ún a sì di ọgọ́rùn-ún. Bí àlàyé náà bá tẹ́ni lọ́rùn tàbí kò tẹ́ni lọ́rùn, ohun kan dájú: àlejò ni ó béèrè, nítorí pé onílé ti mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí i mọ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá lè fi ojú àlejò wo ilé ara rẹ̀ fún wákàtí kan, ọ̀rọ̀ kò lè tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin: ìsopọ̀

Ohun méjì tí a kò ka kún ara wọn, bí a bá so wọ́n pọ̀, a máa bí ẹ̀kẹta. Fágúnwà mọ ìtàn ọdẹ àti àlọ́ ilẹ̀ wa. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ sì ni. Àwọn olùwádìí ti tọ́ka sí i pé àwòrán ìrìn-àjò onígbàgbọ́ inú ìwé John Bunyan wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́. Ìtàn ọdẹ kò jẹ́ tuntun, ìwé Bunyan kò jẹ́ tuntun. Igbó irúnmọlẹ̀ tí Àkàrà-oògùn wọ̀ ni ó jẹ́ tuntun. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn nínú Àjà Ló Lẹrù, tí ó jáde ní 1969, àti Àgbàlagbà Akàn, tí ó jáde ní 1971. Ó mú ìtàn ọ̀daràn àti atọpinpin bí àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè ti ń kọ ọ́, ó gbé e fún Lápàdé, ọkùnrin tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tí òwe ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé náà tí yóò wí pé èdè Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò, ìbọn àti àwọn jàǹdùkú ìlú ńlá.

Àpẹẹrẹ kan: àgbàdo

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dàbí ìmọ̀ràn lásán, ó yẹ kí a fi ohun kan ṣoṣo dán an wò. Kí olùkọ́ mú odidi àgbàdo kan wọ kíláàsì, kí ó gbé e sórí tábìlì, kí ó má sì sọ pé kí a kọ̀wé nípa ìwúlò àgbàdo. Kí ó gba ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ti àyíká: ta ni ó ń sun àgbàdo ní ìkóríta tí ó súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́, oṣù wo ni ó bẹ̀rẹ̀, kí sì ni ó ń tà nígbà tí àgbàdo kò sí? Ní ti etí: kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá ìyá tí ń ṣe ògì, kí ó gbọ́ bí a ti ń rẹ ẹ́, bí a ti ń lọ̀ ọ́, bí a ti ń sẹ́ ẹ, kí ó sì kọ orúkọ tí ìyá náà pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn orúkọ mìíràn ń kú pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ wọ́n. Ní ti ìbéèrè: láti ibo ni àgbàdo ti wá? Ìdáhùn rẹ̀ a máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìbílẹ̀ rẹ̀. Ní Mẹ́síkò ni a ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, kò sì lè dé etíkun wa kí àwọn ará Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1492. Báwo ni àlejò ṣe di ọmọ onílé tó bẹ́ẹ̀, tí ó fi ní òwe àti àlọ́ tirẹ̀, tí a fi ń sè é ní ẹ̀kọ àti ẹ̀gbo, tí a fi ń ṣe àádùn àti guguru? Kí ni a ń jẹ kí ó tó dé? Ní ti ìsopọ̀: ẹ̀gẹ́ náà ti Amẹ́ríkà wá, ata náà ti ibẹ̀ wá, kí ni ó kù nínú àwo oúnjẹ wa bí a bá kó àwọn àlejò jáde?

Orí-ọ̀rọ̀ tí ó jáde láti ara odidi àgbàdo kan yìí ti ju mẹ́wàá lọ, kò sì sí ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè há sórí láti inú ìwé ẹlòmíràn.

Pípa á mọ́ àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ohun méjì ni ó kù. Èkíní ni pé èrò kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀. A máa wá lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀, ní ìdí ìwẹ̀, yóò sì lọ bí ó ti wá. Ìwé kékeré kan nínú àpò, tàbí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lónìí, tó fún iṣẹ́ náà. Gbólóhùn kan tó: ọ̀rọ̀ tí a gbọ́, ẹni tí ó sọ ọ́, ibi tí a ti gbọ́ ọ, ìbéèrè tí ó ru sókè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé náà yóò ti di àká.

Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a kó sínú àká ni à ń gbìn. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń ya ọkà kúrò lára ìyàngbò. Ṣé ohun pàtó ni, tàbí ọ̀rọ̀ gbogboogbò? Ṣé òǹkọ̀wé lè lọ wò ó fúnra rẹ̀, tàbí kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n? Ṣé ó kan òǹkàwé débi pé, bí ó bá kà á tán, ojú rẹ̀ yóò yàtọ̀ nígbà tí ó bá tún rí ohun náà? Èyí tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a mú kálàmù sí.

Àyè tí Yorùbá ti ń di kíkọ kò dín kù lónìí. Aláròyé ń jáde láti 1996. Ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní 2018. Ilé-ẹ̀kọ́ sì wà níbi gbogbo. Ohun tí ó lè wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó kún àyè náà, ìyẹn kò sì lè wọ́n àfi bí àwọn tí ó mọ èdè bá kọ̀ láti wò, láti gbọ́, àti láti béèrè. Olùkọ́ tí ó bá ń fún kíláàsì ní orí-ọ̀rọ̀ tí a fún òun náà ní ogún ọdún sẹ́yìn ń kọ́ wọn, láìmọ̀, pé ohun tí Yorùbá lè sọ ti tán. Èyí tí ó bá gbé odidi àgbàdo sórí tábìlì ń kọ́ wọn pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Inú àpò ṣòkòtò ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí ó bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni yóò bá a.